Ẹ má ka èèyàn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Àbúrò mi, o ní ọjọ́ mélòó ló yẹ kẹ́ ẹ fi ka èrò, kẹ́ ẹ tó lè sọ iye àwọn tí yóò máa wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fẹ́ ṣe láti Marina lọ sí Lẹ́kkí. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná.

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ kíka èrò, Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n fi mí sí. Láti ìdájí la ti ń fa ìlà sínú ìwé, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọ dáńfó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe bákan náà ní Òṣòdì àti Ìyànà-Ìpájà. Ọ̀gá wa ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, inú ẹ̀ dùn. Àmọ́ ẹni tó kúrò ní Ìyànà-Ìpájà, tó ń lọ sí Ọbalẹ́ńdé, tó sọ̀ ní Òṣòdì, tó tún sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti kà á! Bẹ́ẹ̀ ìrìn kan ṣoṣo ló rìn. Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé iye ńlá làwọn tó gbéṣẹ́ fún òun ń retí. Mo fi odidi oṣù méjì padà sí gáréèjì, mò ń bi èrò pé, "Níbo lẹ ti jáde nílé? Níbo lẹ máa sọ̀ kẹ́yìn?" Àwọn kọ̀ǹdọ́ ń lé mi kiri, wọ́n rò pé agbowó-orí ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023. Owó ọkọ̀ fò sókè, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rin ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ ò wúlò mọ́.

Ìbéèrè méjì yẹn ṣì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín ìlú sí ẹkùn, ẹ ṣírò iye tó ń ti ẹkùn kan lọ sí òmíràn. Ìyẹn ò le.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ṣé á wọ ọkọ̀ ojú irin. Ta ló wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ní òun ò wọ̀ ọ́? Ẹ bi í pé èló ló lè san, tẹ́ ẹ bá ti fi owó kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ibùdó kún un. Ẹni tó ń gbé Òkòkòmáìkò kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ nǹkan míì dé Mile 2 kó tó rí ọkọ̀ ojú irin tó ti wà nílẹ̀, tó ń lọ sí Marina.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye olùgbé. Nígbà ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwa ará Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9, ìjọba ìpínlẹ̀ ní a lé ní mílíọ̀nù 17. Tí àwọn amòye bá gbé ìṣirò wá, ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n lò. Wọn ò ní fẹ́ dáhùn.

Ti ọjọ́ tó o béèrè: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ fi Àbámẹ́ta kan kún un. Kí ilé ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má sì bọ́ sí àsìkò ọ̀wọ́ngógó epo. Lẹ́kkí ò sì jọ Ojúẹlẹ́gba o. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló ń wa mọ́tò ara wọn, dáńfó nìkan ò lè fi wọ́n hàn yín. Ẹ dúró létí títì, kẹ́ ẹ ka iye orí tó wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan.