Ṣé sóbò tí mò ń mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kúbwá, nítorí ooru Àbújá, lè ba eyín mi jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́, pàápàá bí ẹ ṣe ní ẹ máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò inú ẹnu a máa sọ ṣúgà di ásíìdì tí ń jẹ eyín, sóbò fúnra rẹ̀ sì kan kí a tó fi ṣúgà sí i rárá. Itọ́ ni ó ń wẹ ásíìdì náà kúrò, ṣùgbọ́n kò ní ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń fi ẹnu kan ìgò ní gbogbo ìgbà. Ẹ mu ún tán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ó sì jẹ́ pé omi lásán ni ẹ óò máa fi pa òùngbẹ lẹ́yìn náà. Ní ti ohun tí ẹ lè máa jẹ pẹ̀lú rẹ̀, dábínò, bó tilẹ̀ ṣara lóore, a máa lẹ̀ mọ́ àárín eyín. Ẹ̀pà sàn jù ú lọ fún ìpápánu. Ẹ má ṣe sáré fọ eyín lẹ́yìn sóbò, nítorí ásíìdì ti mú ojú eyín rọ̀: ẹ dúró fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú.