Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù nítorí E24

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ yín kọ E24 sójú, ó dúró láàárín iṣẹ́, omi ìdọ̀tí sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kóòdù náà padà wá, ẹnìkan sì ti ní kí ẹ lọ ra pọ́ǹpù tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí ẹni tó wá wo tèmi nígbà kan ní bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ, ló jóná, bẹ́ẹ̀ ègé gíláàsì kékeré kan ló há sẹ́nu pọ́ǹpù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tú ẹ̀rọ mi fúnra mi, mo sì ti rí i pé kóòdù kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ ń retí tí kò rí ló ń sọ.

Lára Bosch, Siemens àti Neff, ohun tí E24 ń sọ ni pé ẹ̀rọ ní kí omi jáde, omi kò sì jáde. Electrolux àti AEG a máa kọ i20 fún ọ̀rọ̀ kan náà, LG a máa kọ OE, Samsung a máa kọ 5C tàbí 5E. Kò sí èyí tó ní pọ́ǹpù ti kú nínú gbogbo wọn. Pọ́ǹpù lè wà ní àlàáfíà kó jẹ́ pé họ́ọ̀sì ló ká lẹ́yìn ẹ̀rọ, tàbí kí ọ̀rá ti dí ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ páìpù abẹ́ síǹkì. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ náà ni, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ síǹkì, abẹ́ síǹkì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdérí kékeré kan máa ń wà lẹ́nu ibi tí họ́ọ̀sì ń wọ̀, àwọn tó ń so ó sì máa ń gbàgbé láti ṣí i.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára iná, kí ẹ sì ti omi. Bọ́tìnì pípa nìkan kò tó. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ tán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ yọ asẹ́ kí ẹ fọ̀ ọ́. Lábẹ́ asẹ́ yẹn ni ẹ ó ti rí ìdérí pọ́ǹpù; ẹ ṣí i, ẹ ó bá abẹ̀bẹ̀ kékeré kan níbẹ̀. Ẹ rọra fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i. Bó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, bíi pé ohun kan ń dì í mú tó sì tún ń jù ú sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, òòfà inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pọ́ǹpù tó dáa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù nù torí ìyẹn. Èyí tí kò yí rárá ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wá ègé gíláàsì, igi ìtayín, kóró èso, àti bébà tó ṣí kúrò lára ìgò. Tí ẹ bá ń dá ìdérí padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kà. Bí kò bá jókòó dáadáa, àwọn ẹ̀rọ Bosch yìí lè gbé E25 jáde, ẹ ó sì rò pé ìṣòro mìíràn ló dé.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lára páìpù síǹkì, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ garawa, ẹ bu omi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ dá pulọ́ọ̀gì padà kí ẹ sì tẹ ètò tó ń da omi nù. Bí omi bá tú jáde wàà sínú garawa, ẹ̀rọ yín kò ṣẹ̀, páìpù ilé ló dí. Bí kò bá jáde, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń kùn tí kò gbé omi, nǹkan há sí i tàbí sí họ́ọ̀sì. Èyí tó dákẹ́ pátápátá, bóyá iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, bóyá ó ti jóná.

Bó bá jẹ́ E15 tàbí i30 ni ẹ rí lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀ràn jíjò nìyẹn. Àwo kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí ohun kékeré kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí omi bá dé ibẹ̀, á gbé e sókè, pọ́ǹpù á sì máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Àwọn kan a dojú ẹ̀rọ dé díẹ̀ kí omi náà lè dà nù, kóòdù á lọ, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Ẹ wo róbà ilẹ̀kùn, ẹ wo ibi tí àwọn họ́ọ̀sì ti so pọ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnìkan da ọṣẹ tí a fi ń fọwọ́ fọ abọ́ sí i, nítorí ọṣẹ yẹn a hó títí yóò fi ṣàn dé àwo náà. Ẹ má ṣe fi nǹkan di ohun tó ń léfòó yẹn mọ́lẹ̀ láé, òun ló ń gba ilẹ̀ ilé yín lọ́wọ́ omi.

Kóòdù tó ní omi kò gbóná ni mo máa ń fà lé oníṣẹ́ iná lọ́wọ́, àfi ẹni tó bá mọ mítà tí a fi ń wọn iná lò. Níbi tí iná ti jẹ́ fóltì 230, irin ìgbóná tó ń lo wáàtì 2000 yẹ kó kà tó ohm 26 lórí mítà náà (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná). Bó bá kà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irin ló bàjẹ́. Nínú ẹ̀rọ púpọ̀, omi tí kò tó lè mú kó kọ̀ láti gbóná, nítorí náà ẹ padà wo asẹ́.

Ẹ kọ kóòdù náà sílẹ̀ kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ ibi tí iṣẹ́ dé nígbà tó yọjú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò garawa, bí pọ́ǹpù kò bá yí, tí kò sì sí ohun tó há sí i, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, òun ni kí ẹ fi béèrè pọ́ǹpù, nítorí ẹ̀rọ méjì lè jọra lójú kí pọ́ǹpù wọn má bára mu.