Kí o tó sanwó lé "i7": ọ̀rọ̀ processor àti graphics inú laptop tokunbo

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní iṣẹ́ fídíò lò ń kọ́ mọ́ ìwé tó ò ń kà, pé o fẹ́ lọ ra laptop tokunbo ní Computer Village n'Ìkẹjà, mẹ́ta lo sì ti fojú sí: HP EliteBook 840 G4 tó ní Core i7-7500U àti RAM 16GB, HP EliteBook 745 G6 tó ní Ryzen 5 PRO 3500U àti RAM 8GB, Dell Latitude 5420 tó ní Core i5-1135G7 àti RAM 8GB. O ní ti àkọ́kọ́ ló ń wù ọ́ torí pé i7 ni, RAM rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. O ní Latitude ló wọ́n jù, àmọ́ tó o bá tiraka, owó rẹ lè ká a.

Tiraka. Latitude yẹn ni kí o rà, kí o sì wá owó RAM 8GB kan mọ́ ọn. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn níbí, orí irú laptop wọ̀nyí ni mo sì ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, torí owó èyí tó ní káàdì graphics (apá tó ń gbé àwòrán wá sójú) ọ̀tọ̀ ò sí lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà máa ń gbé tiwọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ká ti orí i7 yẹn bẹ̀rẹ̀. Orúkọ processor, ìyẹn ọpọlọ laptop, ni i5 àti i7, àmọ́ orúkọ tí ò tíì kún ni, àfi tí o bá ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. 7500U, ìran keje nìyẹn. 8250U, ìran kẹjọ. 1135G7, ìran kọkànlá. Gbogbo i7 ìran keje tó bá ní lẹ́tà U nídìí, core 2 péré ló ní (core ni òṣìṣẹ́ inú processor). Ọdún 2017 ni Intel gbé ìran kẹjọ jáde, tí i5-8250U wá ní core 4 lórí iná 15W kan náà tí ti tẹ́lẹ̀ ń jẹ. Láti ìgbà yẹn ni i5 tuntun ti kọjá i7 àtijọ́ fún ẹni tó bá ń ṣe fídíò. Kódà láàárín ìran kan náà, ìyàtọ̀ i5 sí i7 lórí àwọn laptop fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí kò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo rẹ̀. Wo i5-8250U àti i7-8550U: core 4 ni àwọn méjèèjì, graphics UHD 620 kan náà ló wà nínú wọn. Gbogbo ohun tí i7 fi jù ú ò ju pé ó lè sáré dé 4.0GHz nígbà tí i5 máa dúró ní 3.4GHz, ìyẹn tí ooru bá gbà fún un, cache rẹ̀ (ibi ìpamọ́ kékeré inú processor) sì fi 2MB ju ti èkejì lọ. Owó tí wọ́n ń fi lé e nítorí ìyẹn, RAM ni kí o fi rà.

Ohun mìíràn tún wà tó lé 840 G4 kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Microsoft ò ka 7500U mọ́ àwọn tó lè gba Windows 11, àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan máa ń fipá gbé Windows 11 sórí irú rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi owó sílẹ̀ nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó wá ku graphics, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o kọ yìí, inú processor ni graphics wà, kò sì ní RAM tirẹ̀. Ara RAM tí Windows, Chrome àti Premiere tí a fi ń ṣe fídíò ń lò ni òun náà ti ń jẹ. Nítorí náà, bí RAM ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ni kí o máa bèèrè, bèèrè bí dátà ṣe ń yára gba ibẹ̀ kọjá. RAM DDR4-3200 kan ṣoṣo nínú slot kan máa ń gbé 25.6GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí o bá ki èkejì bọ slot kejì, ó di 51.2GB. Processor tìkara rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn lára tó bá jẹ́ Word lò ń tẹ̀, àmọ́ graphics ò lè ṣe é kó má mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé 8GB méjì dára ju 16GB kan ṣoṣo lọ lórí irú laptop yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n.

Arákùnrin kan gbé irú Latitude 5420 yìí wá bá mi. Inú ń bí i. Wọ́n ti sọ fún un pé Iris Xe, ìyẹn graphics Intel tó lágbára, ló wà nínú rẹ̀, ó délé, ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc kí Task Manager ṣí, ó bọ́ sí Performance, ohun tó rí lábẹ́ GPU (ìyẹn graphics) ni "Intel(R) UHD Graphics". Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Mo ní kó tẹ Memory tó wà lókè ibẹ̀. "Slots used: 1 of 2." A pa laptop náà, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, slot kan ṣófo lóòótọ́. Mo yọ 8GB kan nínú tèmi, mo kì í bọ̀ ọ́, a dá ẹ̀yìn rẹ̀ padà, a tàn án. Nígbà tó tún máa wo ibẹ̀, "Intel(R) Iris(R) Xe Graphics" ló rí. Processor kan náà, kò sí nǹkan mìíràn tí a fọwọ́ kàn. Bí Intel ṣe ṣe é nìyẹn: tí RAM ò bá gba ọ̀nà méjì wọlé, processor yẹn ò ní jẹ́ orúkọ Iris Xe. Orúkọ nìkan kọ́ ló sì yí padà o. Fídíò tó ń já lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá fi àwọ̀ sí i, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ nígbà tó dán an wò níbẹ̀.

Ryzen 5 PRO 3500U tó wà nínú 745 G6 náà ò kéré. Core 4, thread 8 (iye iṣẹ́ tí àwọn core lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà), graphics Vega 8. Tó bá jẹ́ géèmù lò ń bá kiri, Vega 8 yẹn ju UHD 620 ti Intel lọ dáadáa, nínú ọ̀pọ̀ géèmù ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àmọ́ òun gan-an ni ebi RAM máa ń pa jù. Tí o bá rí i pẹ̀lú RAM kan ṣoṣo, idà tó wà nínú àkọ̀ ni. Nǹkan kan tún wà lórí Ryzen tó máa ń já àwọn èèyàn láyà: RAM 8GB lo rà, o ṣí Settings, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bíi 5.9GB péré ló ṣeé lò. Kò sẹ́ni tó jí RAM rẹ. Graphics ló ti gba 2GB sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ látìgbà tí laptop ti tàn. Fún fídíò, 8GB lórí Ryzen kò tó rárá.

Kí ló dé tí mo fi wá ní Latitude, nígbà tí Vega náà lágbára? Nítorí kámẹ́rà. O ní ọ̀gá tó o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ń lo Sony a7 IV. Kámẹ́rà yẹn lè gba fídíò 4K sílẹ̀ ní H.265 (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di fídíò), 4:2:2, 10-bit (bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kún tó), ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òde ló sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ torí àwọ̀ rẹ̀ ṣeé tún ṣe. Nínú processor Intel, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní Quick Sync, ó ti wà láti ọdún 2011, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tú fídíò kó sì máa dì í lọ. Èyí tó wà nínú ìran kọkànlá mọ irú fáìlì Sony yẹn tú. Vega ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí graphics ò bá sì mọ fáìlì kan tú, orí core ni gbogbo ẹrù máa bọ́ sí. Mo ti gbé fáìlì kan náà sórí laptop méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lórí ti Vega, CPU (ìyẹn processor) lọ sí 100%, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó, àwòrán ìyàwó tó ń jó dúró, ó fò, ó tún dúró, ohùn ń lọ níwájú rẹ̀. Lórí i5-1135G7, ìlà "Video Decode" nínú Task Manager gbéra sókè, CPU fara balẹ̀, ijó náà ń lọ geere. Ẹni tó ti jókòó ti fídíò òde wákàtí mẹ́jọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ojú àti fún sùúrù èèyàn. Iris Xe yìí kan náà ló mọ AV1, ọ̀nà dídì fídíò mìíràn tí YouTube ń lò báyìí, tú. Vega àti UHD 620 ò mọ̀ ọ́n, CPU ni wọ́n máa ń tì í sí.

Mi ò sọ pé Intel ló dára jù níbi gbogbo o. Tí o bá rí EliteBook 845 G7 tàbí ThinkPad T14 Gen 1 tó ní Ryzen 5 PRO 4650U lówó tó dà bíi ti Latitude yẹn, ó yẹ kó o rò ó dáadáa, torí core 6 àti thread 12 ló ní, tó bá sì di iṣẹ́ tó ń lo gbogbo core lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ká render (ká ya àwòrán 3D jáde) nínú Blender tàbí ká compile kóòdù (ká sọ ọ́ di prógíráàmù), yóò fi 1135G7 tó ní core 4 sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ prógíráàmù, òun ni mo ní kó rà, kò sì tíì kábàámọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni orúkọ tí AMD ń fún wọn. Ryzen 5 5500U àti 5600U jọ ara wọn lójú, core 6 ni àwọn méjèèjì, Vega 7 ló wà nínú wọn, síbẹ̀ Zen 2 ni 5500U, Zen 3 ni 5600U (Zen ni orúkọ ìran core AMD, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló tuntun jù). Ti ìran 7000 wá burú jù. Ryzen 5 7520U, tí o bá wo 7 tó wà níwájú rẹ̀, wàá rò pé ó ju 5600U lọ. Zen 2 ni, core 4, graphics Radeon 610M tí CU rẹ̀ (òṣìṣẹ́ inú graphics AMD) ò ju 2 lọ, wọ́n sì ti jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé fi kún. Nínú ìran yẹn, nọ́ńbà kẹta ni kí o máa kà: 7520U, Zen 2, 7530U, Zen 3, 7640U, Zen 4. Tuntun inú páálí ni wọ́n máa ń ta 7520U yẹn, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ń rà á fún ọmọ tó ń wọ yunifásítì nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ó dùn mí tí mo bá rí i lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣe fídíò.

Intel náà ní irú tirẹ̀. i5-1035G1 àti i5-1035G7, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nídìí ló yà wọ́n: EU (òṣìṣẹ́ inú graphics Intel) 32 ló wà nínú graphics G1, 64 ló wà nínú G7. Ti 1135G7 jẹ́ 80. Tí wọ́n bá sì fi i5-1235U tó jẹ́ ìran kejìlá hàn ọ́ pé core 10 ló ní, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 2 péré ni core ńlá nínú rẹ̀, 8 jẹ́ kéékèèké, graphics rẹ̀ sì jẹ́ EU 80 náà. Mi ò ní fi owó ńlá lé e torí graphics.

Lẹ́tà U tí mo ń pè yìí, má fojú kéré rẹ̀. 15W ni wọ́n ṣe é fún, 45W ni wọ́n ṣe ti H fún. H lágbára ju U lọ lóòótọ́, àmọ́ níbi tí iná ti ń lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí o sì fẹ́ parí iṣẹ́ lórí bátìrì tàbí inverter kékeré, U ni wàá máa dúpẹ́ rẹ̀ lóru.

Tí o bá débẹ̀, má wo sítíkà tó wà lára laptop, ó rọrùn láti lẹ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ṣí Task Manager fúnra rẹ, ka orúkọ processor ní CPU, ka iye slot ní Memory, ka orúkọ graphics ní GPU. Tẹ powercfg /batteryreport nínú Command Prompt, kí o fi Full Charge Capacity wé Design Capacity, ìyẹn ló máa fi hàn ọ́ bí bátìrì ṣe gbó tó. Gbé fídíò 4K kan dání lórí flash, èyí tí ọ̀gá rẹ yà gan-an ló dára jù, kí o ṣí i níbẹ̀, kí o jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, torí ooru kì í fara hàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tí ò bá jẹ́ kí o ṣe èyí, lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Fún Latitude, RAM DDR4 SODIMM 3200 8GB ni kí o ní kí wọ́n fún ọ, kí o rí i pé wọ́n fi sí slot kejì kí o tó kúrò níbẹ̀. Tí owó rẹ bá kọ̀ tí kò ká a, tó sì jẹ́ pé fóònù nìkan ni wàá máa fi yà á fún ọdún kan sí i, mú 745 G6, ra RAM kejì fún un, kí o sì máa ṣe proxy 720p (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́) kí o tó bẹ̀rẹ̀ edit. Mo mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ́yán lórí lọ́nà yẹn. 840 G4 ni kí o fi sílẹ̀ fún wọn.