Ìdáhùn sí ìbéèrè: Ọlá ta ni wọ́n ní kí a má bàjẹ́ nínú "Mábọlájẹ́"?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ Mábọlájẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú Adégòkè Adélabú ní Ìbàdàn, ní òun gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò pé Mobọ́lájí ni, àti pé ahọ́n ará Ìbàdàn ló yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. "Má ba ọlá jẹ́" ni, ìkìlọ̀ sì ni.

Ọlá ta ni? Àwọn kan á ní ti Adélabú, àwọn mìíràn á ní ti Olúbàdàn. Lójú tèmi, ọlá mọ́gàjí ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí mi lọ́kàn padà lórí èyí. Agbo ilé mọ́gàjí ni wọ́n bí mi sí. Mọ́gàjí ni olórí ẹbí: iwájú rẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé nígbà náà, láàrin àwọn mọ́gàjí ni a sì ti ń mú ẹni tí yóò bọ́ sí ojú ọ̀nà oyè tó lọ tààrà dé orí Olúbàdàn. Nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ 1952 wá gbé agbára fún ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn, tí owó orí tuntun fún ẹ̀kọ́ àti ìlera sì tẹ̀lé e, àwọn mọ́gàjí rí i pé wọ́n ń fi ọwọ́ rọ́ àwọn sẹ́yìn nínú ilé baba wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba ti gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn tó ń pa kòkó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Adélabú, akọ̀wé tó ti ṣe máníjà ní UAC, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó, ló mọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ má sì gbàgbé pé mẹ́fà ni àwọn tí Ìbàdàn dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní 1951. Márùn-ún gba ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) ti Awólọ́wọ̀ lọ, Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe. Ó dá mi lójú pé orúkọ náà ń bá àwọn márùn-ún yẹn wí pẹ̀lú.

Ní 1954 ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ó sì di alága. Ní 1955 ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ àti ìgbáyégbádùn ará ìlú, síbẹ̀ kò fi àga alága sílẹ̀, nítorí agbo ilé ni orísun agbára rẹ̀, kì í ṣe Èkó tí ìjọba àpapọ̀ wà nígbà náà. Ìwádìí tí Nicholson ṣe lórí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ló mú kí ó fi ipò méjèèjì sílẹ̀ ní 1956, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni Ìbàdàn tún dìbò fún un, tó sì di olórí alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, 1958.

Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì nìkan ni àwọn ọmọ òde òní mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ lásán tí ará ìlú fi gbé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, "peculiar mess". Kò sí ẹni tó tún ń sọ fún wọn pé Adélabú yìí wà lára àwọn tó gbógun ti Salami Àgbájé ní nǹkan bí ọdún 1950, pé kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ olówó náà, àti pé lẹ́yìn ikú Adélabú, nígbà tí Mábọlájẹ́ pín sí méjì, ọmọ Àgbájé kan náà, Mojeed, ló ṣe olórí apá kan.