Ère Tí Wọ́n Gbà Padà Kí Òjò Lè Pa Á

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn Zuni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gba ère wọn padà lọ́wọ́ àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì gbé wọn síta kí òjò àti oòrùn máa jẹ wọ́n títí wọn yóò fi di erùpẹ̀. Ǹjẹ́ ìyẹn kì í ṣe òfò? Ṣé kò sàn kí ère wọ̀nyẹn wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn? (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ahayu:da ni wọ́n ń pe ère náà, àwọn òrìṣà ogun tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Lọ́dọọdún, nígbà òtútù, nígbà tí ojúmọmọ bá kúrú jù lọ, ìdílé Àgbọ̀nrín a gbẹ́ ọ̀kan, ìdílé Béárì a gbẹ́ èkejì, wọn a sì gbé wọn lọ sí ojúbọ lórí àwọn òkè tó yí ìlú ká ní New Mexico. Bí tuntun bá dé, wọn a gbé ti tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, níbi tí igi rẹ̀ yóò ti máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ni ère náà ń ṣe bó ṣe ń jẹrà yẹn, nítorí ìgbàgbọ́ Zuni ni pé bó ṣe ń padà sínú ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dáàbò bo ìlú àti gbogbo ayé. Bí ẹ bá wá kùn ún lóògùn kòkòrò, tí ẹ sì tì í mọ́nú àpótí gíláàsì, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ìlú ló ni ín, kò sì sí ẹnì kan tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Nítorí náà, èyíkéyìí tó bá kúrò ní ojúbọ, olè ló jí i. Láti ọdún 1978 ni àwọn àgbà Zuni ti ń lọ bá àwọn tó kó wọn pamọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ilé iṣẹ́-ọnà ìlú Denver dá tiwọn padà ní 1980, Smithsonian, àjọ ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1987, nígbà tó sì fi máa di 1992, ère 69 ló ti padà délé. Wọ́n kọ́ ojúbọ kan tí olè kò lè tètè wọ̀, ṣùgbọ́n tí òjò àti oòrùn ń ráyè wọ̀.

Ẹ rántí ère ìbejì tiwa. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á, a fún un lóúnjẹ, títí imú rẹ̀ yóò fi tẹ́, tí ìlà ojú rẹ̀ yóò sì parẹ́. Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá náà ba ère jẹ́.

Èyí kò sọ pé kí gbogbo ohun tó bá padà délé máa jẹrà. Nígbà tí àwọn Nisga'a, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Kánádà, gba òpó ìrántí ìdílé Ni'isjoohl padà láti Scotland ní 2023, òpó tí wọ́n ti gbé lọ láti 1929, abẹ́ òrùlé ni wọ́n gbé e sí, nínú ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn fúnra wọn kọ́ sí àfonífojì odò Nass. Àwọn ló pinnu bẹ́ẹ̀, bí àwọn Zuni náà ṣe pinnu tiwọn.