Nero kan, ojú méjì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Owó wúrà Róòmù méjì ni wọ́n fẹ́ tà ní gbàǹjo kan, orúkọ Nero ló sì wà lára méjèèjì. Ojú ọ̀dọ́ ló wà lára ọ̀kan. Èkejì sanra, ọrùn rẹ̀ kì pọ̀pọ̀. Ṣé ẹnì kan náà ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ọmọ ọdún 16 ni Nero nígbà tó jọba Róòmù lọ́dún 54 Sànmánì Kristẹni, ẹni ọdún 30 sì ni nígbà tó kú lọ́dún 68. Bó ṣe ń sanra ni àwọn tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ owó rẹ̀ ń gbẹ́ ẹ, àgbọ̀n, ọrùn, àti irun tó tò ní ìpele-ìpele sórí iwájú. Augustus, ọba Róòmù àkọ́kọ́, ò gba irú ìyẹn láyè ní tirẹ̀: ó lé ní ẹni ọdún 75 kó tó kú, síbẹ̀ ojú ọ̀dọ́ ló wà lára owó rẹ̀. Ohun tí ọba bá fẹ́ kí ará ìlú rí ni wọ́n ń gbẹ́, ẹ má fi ojú nìkan ka ọdún.

Ẹ yí ti ọ̀dọ́ yẹn padà. Bí ẹ bá rí EX S C (ìyẹn “nípa àṣẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin Róòmù”) láàárín ewé tí wọ́n ká roboto, ẹ wá TR P létí rẹ̀. Oyè tí wọ́n ń kà lọ́dọọdún ni. TR P VII á jẹ́ ọdún 60 sí 61.

Ti ọlọ́rùn kíkì ló le díẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún 64 wọn kì í sábà kọ iye ọdún sí wúrà rẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n ló kù. Ọdún yẹn ni Nero dín wúrà kù, tí wọ́n ń rọ owó 45 láti inú wúrà ìwọ̀n pọ́n-ùn Róòmù kan: owó kọ̀ọ̀kan á wọn nǹkan bíi gíráàmù 7.3. Ti ìṣáájú máa ń sún mọ́ 7.7. Owó tó ti gbó lè fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ gbígbó kì í mú owó wúwo sí i. Nítorí náà, bí olójú sísanra bá wọn 7.7, ara mi ò ní balẹ̀ sí i rárá.

Ẹ wo etí wọn náà. Lílù ni wọ́n ń lu owó yìí ní òǹtẹ̀, wọn kì í yọ́ ọ dà. Ìlà ìsopọ̀ tó bá yí etí po, ayédèrú ni. Ìwọ̀n gíráàmù sábà máa ń wà nínú ìwé gbàǹjo. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dá iye kan lé e.