Ta Ni Owó Ìtanràn Àwọn Báǹkì Tọ́ Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ní 2006 ni èmi àti ìyàwó mi yá owó ní báǹkì tí a fi ra ilé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èlé orí owó náà fò sókè tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ mi, báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà ní 2010. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ pé àwọn báǹkì ńlá ń san ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là nítorí ọ̀rọ̀ ilé yìí kan náà, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí ó dé ọwọ́ mi ní 2013 kò tó 1,500 dọ́là. Ọwọ́ ta ni ìyókù bọ́ sí? Ǹjẹ́ mo ṣì lè pẹjọ́? — Bàbá Ìbejì, Maryland

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, Bàbá Ìbejì. Ẹjọ́ tí owó ńlá ti jáde kì í ṣe ẹjọ́ yín. Láyé ìgbà tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé yẹn, àwọn báǹkì kì í sábà tọ́jú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́. Wọ́n a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ pọ̀, wọ́n a sọ ọ́ di ìwé ìdókòòwò, wọ́n a sì tà á fún àwọn tí ń wá ibi tí owó wọn yóò ti máa pa èlé wọlé. Fannie Mae àti Freddie Mac, ilé-iṣẹ́ méjì tí ìjọba àpapọ̀ gbà sábẹ́ àkóso ní oṣù Kẹsàn-án 2008, wà lára àwọn tí ó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 2011, FHFA, àjọ tí ń bójú tó wọn, gbé ilé-iṣẹ́ ìṣúná 18 lọ sílé ẹjọ́ pé irọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n fi polówó ọjà náà: wọ́n bu iye kún iye tí ilé tó, wọ́n sì ní àwọn tí ó yá owó kúnjú ìwọ̀n nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò kúnjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sanwó kí ẹjọ́ má baà dé iwájú adájọ́. Nomura, báǹkì ilẹ̀ Japan kan lára wọn, kò gbà, ó sì jẹ́jọ́ títí dé òpin; ní oṣù Karùn-ún 2015 ni Adájọ́ Denise Cote, ní New York, pàṣẹ pé kí òun àti RBS, báǹkì ilẹ̀ Scotland kan, san 806 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí wọ́n ta irọ́ fún ni òfin mọ̀ ní ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n fi gbèsè yín hun irọ́ náà kò sí nínú ìwé ẹjọ́ rárá.

Ṣẹ́ẹ̀kì yín jọ èyí tí ó ti inú àdéhùn oṣù Kejì 2012 wá, láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ 49 àti báǹkì ńlá márùn-ún, nígbà tí àṣírí tú pé òṣìṣẹ́ báǹkì ń tọwọ́ bọ ìwé ìgbẹ́sẹ̀-lé-ilé tí wọn kò kà. Bílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jù jẹ́ ìrànwọ́ bí àdínkù gbèsè fún àwọn tí ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí ẹni tí ó ti pàdánù ilé gba nǹkan bí 1,480 dọ́là. Owó ìtùnú ni mo pè é, kò sì tu ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn onílé náà jàre níbòmíràn. Ní oṣù Kìíní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Massachusetts fagi lé títa ilé méjì, nítorí pé àwọn báǹkì tí ó tà wọ́n kò lè fi ìwé hàn pé gbèsè náà ti di tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n tà á: ẹni tí ó lẹrú ló lẹrù. Ní ìparí ọdún náà, Countrywide, ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó ra ilé, gbà láti san 335 mílíọ̀nù dọ́là nítorí ó lé ní 200,000 adúláwọ̀ àti Látìnò tí wọ́n bu owó lé lórí ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ní ti ẹjọ́ tuntun bí irú ti Countrywide, ọdún méjì péré ni òfin ilé gbígbé láìsí ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ẹni tí ó fẹ́ pẹjọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti kọjá. Àwọn olówó tí ó ra ìwé ìdókòòwò náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú gbèdéke bẹ́ẹ̀, nítorí ní 2015 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní New York sọ pé ọjọ́ àdéhùn ni ọdún mẹ́fà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé a ti rẹ́ wọn jẹ. Síbẹ̀, ẹ lọ yẹ àkọsílẹ̀ títa ilé náà wò ní kóòtù tí ó bójú tó o. Bí iye tí wọ́n tà á bá ju gbèsè yín lọ, ìyókù tọ́ sí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé ti já wálẹ̀ púpọ̀ ní 2010.